Ọ́ìlì olówó gọbọi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi àtìyàwó mi lókè Ẹ̀fọ̀n

Ẹ bá mi dúpẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bí kì í bá ṣe ti Ọlọ́run ni, ẹlòmíì ni ì bá kọ ìròyìn yìí nípa mi, wọn ì bá sì gbé fọ́tò èmi àtìyàwó mi sí i tòun ti ọjọ́ orí wa. Kì í ṣe olè ló dá wa lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni n kò mutí. Ọ́ìlì ni. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí mo fọwọ́ ara mi rà ní 52,000 náírà lóṣù kọkànlá, ọdún 2024, tí mo tún torí ẹ̀ rí ẹni tó jù mí lọ fín.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé báìkì ni mò ń gùn. Kì í ṣe ọ̀kadà o. Òfin ìrìnnà tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2012 ò fàyè gba alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá tó 200cc láwọn títì ńláńlá, ṣùgbọ́n 647cc ni tèmi. Honda Deauville ni, ti ọdún 2004, tókùnbọ̀ láti Jámánì. Irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ìrìn àjò gígùn ni: àpótí méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣe mọ́ ọn lára, gíláàsì wà níwájú tó ń gba atẹ́gùn fúnni, kò sì ní ṣéènì rárá, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ikùn rẹ̀ ló ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn. Owó tí mo fi ọdún mẹ́ta tù jọ lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn ló wọ inú ẹ̀. Ìyàwó mi máa ń sọ pé lóòótọ́ lòun ni ìyálé báìkì yẹn, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé òun kọ́ ni ààyò.

Bàbá ìyàwó mi ní tiwọn ò fẹ́ẹ́ rí i sójú. Adó-Èkìtì ni wọ́n ń gbé, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ tá a ṣègbéyàwó ni wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n ní, "Ọmọ mi ni mo fún ẹ o, mi ò ní kó o lọ sọ ọ́ di èrò ọ̀kadà." Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ẹ́ ṣe ọjọ́ìbí ọdún márùndínlọ́gọ́rin, tí ìyàwó mi ní ká wọ mọ́tò lọ, èmi ni mo ní rárá, báìkì la máa gbé. Ká sọ òótọ́, mo fẹ́ kí Bàbá rí i pé nǹkan èèyàn gidi lohun tí mò ń gùn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé ọ́ìlì tó dáa jù lọ lágbàáyé ni mo máa fi sínú ẹ̀ kí n tó gbéra. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi ní Mushin, ẹni tó ti ń tún alùpùpù ṣe kí wọ́n tó bí mi sáyé, kó ike mẹ́ta jáde fún mi, ike onílítà kọ̀ọ̀kan, 8,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. 10W-40 ni, wọ́n ya alùpùpù sára ẹ̀. Mo wò ó, wọ́n kọ ọ́ sí i pé kì í ṣe synthetic pátápátá, àdàlù ni. Ojú ẹ̀ ò jọ mí lójú.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tá a jọ máa ń gun báìkì lópin ọ̀sẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì ni, BMW R1200RT ti ọdún 2010 ló ń gùn. Òun ló sọ fún mi pé ọ́ìlì mọ́tò lòun ń lò, synthetic pátápátá, 5W-30, láti ọdún mẹ́rin, báìkì òun ò sì wúkọ́ rí. Ó ní àwọn mẹkáníìkì wa ò mọ̀ ju 20W-50 tí bàbá wọn ń lò lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa tá a lọ Póólì, tá a bá ti gbọ́ nǹkan lẹ́nu ẹni tó so táì, a kì í bi í léèrè mọ́.

Mo gbé gálọ̀nù onílítà mẹ́rin tèmi dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ka ẹ̀yìn ẹ̀. Ó ní, "Jọ́nálíìsì, ọ́ìlì gidi lèyí, àmọ́ kì í ṣe ti báìkì yìí." Mo ní kí ló dé? Ó ní kílọ́ọ̀ṣì mi ò ní fẹ́ràn ẹ̀. Ni mo bá la ẹnu mi, mo ní, "Ọ̀gá, àbí torí èrè tẹ́ ẹ máa jẹ lórí èyí tẹ́ ẹ̀ ń tà ni?"

Ọkùnrin yìí ò fèsì. Ó fi àkísà nu ọwọ́ ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Kò burú. Ìwọ lo ni báìkì. Àmọ́ ọwọ́ mi kọ́ ló máa dà á sí i." Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló bá mi dà á. Mo san owó, mo gbéra, mo sì ń fi ṣe fọ́ńté pé mo ti gba ara mi lọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì.

Fún ọjọ́ méjì, báìkì ń lọ bí ẹyẹ. Gíà rọ̀, ẹ́ńjìnnì ò pariwo. Mo tiẹ̀ pe ọ̀rẹ́ mi láti dúpẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, èmi àtìyàwó mi kúrò l'Ékòó, a gba Ìbàdàn, a ń lọ sí Ifẹ̀. A ò tíì jìnnà sí Ìkirè nígbà tí mo kọ́kọ́ fura. Mo fẹ́ẹ́ ya mọ́tò kan sílẹ̀, mo fún báìkì níná, ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sókè, ṣùgbọ́n eré ò kún eré. Mo ní atẹ́gùn ni, mo ní ẹrù ló wúwo. Ẹni tó ti san 52,000 náírà ò ní kọ́kọ́ rántí ọ́ìlì.

A kọjá Iléṣà, a kọjá ibi tí wọ́n ti ń yà lọ sí ìṣàn omi Olúmirìn, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ ohun tí mò ń wí: òkè ń ga, ọ̀nà ń kọ́, kòtò wà lọ́tùn-ún, àpáta wà lósì. Tírélà sìmẹ́ǹtì kan wà níwájú wa tó ń gun òkè bí ìgbín. Mo wò ó, iwájú mọ́. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láti yà á sílẹ̀, mo sì fún báìkì níná.

Ẹ́ńjìnnì ké wùùù bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára, àmọ́ báìkì ò lọ. Ṣe ló ń falẹ̀ sí i. Mo tún fún un níná, aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì ń gòkè, aago tó ń ka eré ń sọ̀ kalẹ̀. A ti dé àárín tírélà yẹn, mi ò lè síwájú, ni bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún bá yọ láti kọ́nà òkè, ó ń bọ̀ lójú wa gan-an. Ìyàwó mi ò pariwo. Ó kàn di ìbàdí mi mú ni, èékánná ẹ̀ wọ inú jákẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ bíréèkì, mo já sẹ́yìn tírélà, bọ́ọ̀sì kọjá, atẹ́gùn ẹ̀ gbá wa lójú. Mo rọra wọ́ báìkì sí etí títì, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè fi ìdúró ẹ̀ sílẹ̀. Òórùn nǹkan tó jóná gba gbogbo ibẹ̀.

Ìyàwó mi ṣí àṣíborí ẹ̀. Ó ní, "Dádì, kí ló ṣe é?" Mi ò lè dá a lóhùn.

Pikọ́ọ̀pù kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ s'Ádó ló gbé wa. Báyìí la ṣe wọ agboolé àna mi, níṣojú àwọn àlejò: báìkì sùn sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyàwó mi jókòó síwájú lọ́dọ̀ awakọ̀, èmi dúró lẹ́yìn, mò ń di báìkì mú. Bàbá jáde síta. Wọ́n wo báìkì, wọ́n wò mí, wọ́n wá wo ọmọ wọn láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń ka owó. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ lọ jẹun." Ó tán. Ká ní wọ́n bú mi ni, mi ò bá sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí mo gbé báìkì padà dé Mushin, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí ọ́ìlì dúdú ti kún. Ọ̀gá ní, "Dìde jàre, aṣọ ẹ ń bà jẹ́." Kò dárúkọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i rárá. Ó tú ìdérí kílọ́ọ̀ṣì, ó kó àwọn pléètì ẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti dúdú, wọ́n ń dán bí àwo. Ó ní ká ní mo dúró ní Ìkirè tí mo da ọ́ìlì yẹn nù ni, bóyá wọn ò bá ṣì wúlò.

Ibẹ̀ ni mo ti wá jókòó kọ́ ohun tó yẹ kí n ti béèrè. Nínú mọ́tò onígíà ọwọ́, kílọ́ọ̀ṣì gbẹ ni, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ò débẹ̀, gíà náà sì ní ọ́ìlì tiẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù Japan, ọ́ìlì kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta: ó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, ó ń tọ́jú gíà, kílọ́ọ̀ṣì náà ń wẹ̀ nínú ẹ̀. Àwọn pléètì kílọ́ọ̀ṣì sì gbọ́dọ̀ gbá ara wọn mú kí agbára tó lè dé táyà. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì mọ́tò ayé òde òní, pàápàá àwọn tó fúyẹ́ bíi 5W-30, ni wọ́n po èròjà mọ́ tó ń mú kí irin máa yọ̀ lára irin, kí mọ́tò má baà jẹ epo púpọ̀. Èrè mọ́tò nìyẹn. Tó bá kan kílọ́ọ̀ṣì tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì, ọṣẹ lẹ dà sí i yẹn.

Torí ẹ̀ làwọn ará Japan ṣe gbé ìlànà JASO T903 jáde lọ́dún 1998. Ọ́ìlì tí kílọ́ọ̀ṣì ò ní yọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n ń kọ MA sí lára. MB ni ti èyí tó ń yọ̀, àwọn skútà tí kílọ́ọ̀ṣì wọn ò sí nínú ọ́ìlì ló wà fún. Lọ́dún 2006, wọ́n tún pín MA sí MA1 àti MA2, MA2 ló ń gbá kílọ́ọ̀ṣì mú jù. Mo gbé gálọ̀nù mi, mo wá JASO lára ẹ̀ títí, kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni àmì roboto API, wọ́n sì kọ "Resource Conserving" sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ gàdàgbà. Láyé ìjọ́hun, "Energy Conserving" ni wọ́n ń kọ. Ẹni tí kílọ́ọ̀ṣì báìkì ẹ̀ bá ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì, tó bá rí ọ̀rọ̀ yẹn, kó gbé e padà sórí pẹpẹ.

Kí ló wá dé tí ti ọ̀rẹ́ mi ò fi yọ̀? Àwọn R1200RT tí wọ́n ṣe kó tó di ti ọdún 2014, kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ló wà lára wọn, bíi ti mọ́tò. Òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀! Ọdún mẹ́rin ló ti ń pín ìmọ̀ràn yẹn kiri.

Ohun tó tún dùn mí jù ni pé ìwé báìkì mi wà nínú àpótí ẹ̀ látọjọ́ tí mo ti rà á. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́, mo sì ti fi ṣe àwáwí pé mi ò gbọ́ Jámánì. Ọ̀gá ṣí i, ó fi ìka tó kún fún gíríìsì tọ́ka sí ojú ewé kan: SAE 10W-40, JASO T903 MA. Ó ní, "Èwo ni Jámánì níbẹ̀?"

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé synthetic ò dáa o. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, tàbí nígbà téèyàn bá gbé ẹrù àti èrò lọ sọ́nà jíjìn, ọ́ìlì máa ń gbóná gan-an, gíà náà á sì máa gún un bí iyán títí yóò fi ṣàn bí omi. Synthetic gidi máa ń fara da ìyẹn ju ọ́ìlì lásán lọ. Àmọ́ orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ ní àríyànjiyàn nínú. Àwọn kan ni wọ́n fi kẹ́míkà to jọ látìbẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn sì jẹ́ epo rọ̀bì tí wọ́n fọ̀ ní àfọ̀tunfọ̀. Mobil àti Castrol fà á l'Amẹ́ríkà, níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìpolówó ọjà wò, lọ́dún 1999 ni wọ́n sì dá a pé Castrol lè máa pe irú èkejì yìí ní synthetic. Ní ti nọ́ńbà, W dúró fún ìgbà òtútù òyìnbó, èyí tí kò sí nílé wa. Nọ́ńbà kejì, tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe nípọn tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C, ló kàn wá jù.

Èyí tí mò ń lò báyìí ni synthetic 10W-40 tó ní MA2 lára, bí mo bá ń lọ sọ́nà jíjìn. Tówó ò bá sí, mo máa ń ra àdàlù ọ̀gá, tó ní MA, mo sì ń pààrọ̀ ẹ̀ lásìkò. Ìyẹn sàn ju synthetic téèyàn gbàgbé sínú ẹ́ńjìnnì títí tó fi di ọ̀dà. Mi ò sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ mọ́, torí àwọn kan wà tó ń sẹ́ ọ́ìlì àlòkù, tí wọ́n á rọ ọ́ sínú ike ilé iṣẹ́ gidi, tí wọ́n á dé e padà. Mo ti máa ń rí ọ̀gá tó ń fi ìṣó lu ihò sí ike tó bá ti ṣófo, mo rò pé ìwà ni. Àwọn tó ń ra ike òfìfo kiri ló ń torí wọn ṣe é.

Pléètì tuntun gbà mí lówó oṣù méjì. Lọ́jọ́ tá a parí iṣẹ́, mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé kí ni kí n ṣe sí ọ́ìlì tó kù nínú gálọ̀nù 52,000 yẹn, ó lé ní lítà kan. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́yìn Corolla ẹ̀ tó wà níta. Ó ní, "Ṣebí mo sọ fún ẹ pé ọ́ìlì gidi ni."