Kí A Tó Lọ sí Big Brook

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ ni a ó lọ sí Big Brook, bí ojú ọjọ́ bá gbà fún wa. Odò kékeré kan ni, ní Monmouth County, ní ìpínlẹ̀ New Jersey níbí. Ní ibi púpọ̀, omi rẹ̀ kì í kọjá orúnkún. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ òkun ni gbogbo ilẹ̀ náà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 70 ọdún sẹ́yìn. Bí òjò bá rọ̀, odò a bu bèbè rẹ̀ jẹ, a sì tú ìkarahun àti eyín tí ó ti di òkúta sínú iyanrìn. Eyín ekurá ni ó pọ̀ jù, ẹja òkun tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Kerekere lásán ni egungun rẹ̀, kì í pẹ́ jẹrà. Ṣùgbọ́n títí ayé rẹ̀ ni eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀ tí òmíràn ń rọ́pò.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń ka ọjọ́. Bàbá mi, ẹni ọdún 71, wà lọ́dọ̀ wa láti Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti fi ọdún 27 fọ́ òkúta funfun tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Orúnkún ọ̀tún wọn kò gbọ́ràn mọ́. Mo ti pinnu pé wọn yóò dúró sílé.

Lálẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹ́ ẹrù sílẹ̀. Òfin ibẹ̀ le: ṣọ́bìrì àfọwọ́mú tí irin rẹ̀ kò ju ínṣì 6 lọ, asẹ́ tí kò ju ínṣì 18 lọ. (Mo ti kọ́kọ́ gbójú lé asẹ́ gàárì mi, ojú rẹ̀ dí jù.) A kò gbọdọ̀ gbẹ́ bèbè odò. Nǹkan 5 péré ni ẹnì kan lè mú lọ lóòjọ́. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ gígùn kún un, nítorí eégbọn igbó ibẹ̀ a máa kó àìsàn ranni.

Ọmọ mi fi àwòrán eyín ekurá han Bàbá lórí fóònù.

"Irú èyí kún inú òkúta tiwa," ni wọ́n wí. "Akàn, ìgbín òkun, ìkarahun. Àbùkù ara òkúta ni a pè wọ́n. Ẹnu ẹ̀rọ ni à ń dà wọ́n sí."

Òkúta Ewékorò ti lé ní mílíọ̀nù 55 ọdún. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́.

"Mélòó ni mo ti fọ́, ọmọ mi?"

N kò lè dá wọn lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ èyí tí mo ti pinnu mọ́. Ní ọjọ́ kejì mo ra ọ̀pá ìtilẹ̀ àti àga kékeré tí ó ṣeé ká. Etí omi ni wọn yóò jókòó sí. Ọmọ yóò máa gbé asẹ́ tọ̀ wọ́n wá, nítorí ojú wọn mọ òkúta ju tiwa lọ. Bí odò bá kún lẹ́yìn òjò, a ó sún un síwájú.

"Mọ́mì, 15 ni a lè mú báyìí, kì í ṣe 10!" ni ọmọ mi wí.

Láti àná, Bàbá ti ń gun àtẹ̀gùn ilé wa lọ sókè, lọ sísàlẹ̀, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀pá lọ́wọ́.