Ẹlẹ́mìí Méje

Oyún mi ti wọ oṣù kẹfà lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kan wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi, tó gbójú sókè, tó sì bi mí níṣojú gbogbo aláboyún tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pé, "Màmá, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ kì í jẹ ẹran?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹja ńkọ́?" Mo ní mi ò jẹ ẹja náà. Ó mirí. "Ọmọ inú yín lẹ ń fìyà jẹ o." PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi, 28 ni. Lọ́dún 2024 ni, oyún àkọ́kọ́ sì ni.

Mo sunkún délé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé n kò rí èsì fún un. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti fi ẹran àti ẹja sílẹ̀, n kò sì tíì jókòó lọ́jọ́ kan kí n bi ara mi pé kí ni mo fi dípò wọn.

Inú ìjọ Seventh-day Adventist ni wọ́n bí mi sí. Ìjọ náà kì í ṣe àlejò lágbègbè Ìbàdàn tí mò ń gbé: ní Erúnmu, tí kò jìnnà sí wa, ni David Babcock ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ náà lọ́dún 1914, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ yunifásítì tó wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. A kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, a kì í jẹ edé, a kì í jẹ ìgbín. Àwọn ẹran kan wà tí kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa máa ń fi gbogbo ẹran sílẹ̀, èmi náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún. Ẹyin àti mílíìkì nìkan ni mo ṣì ń jẹ. Títí oyún fi dé, ara mi gbé e.

Oṣù kejì ni èébì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀wà kaná nílé kẹta sí tiwa, imú mi á ti gbọ́ ọ, inú mi á sì dà rú. Búrẹ́dì, iṣu sísè, gààrí tútù tí mo da ṣúgà sí: ohun tó ń dúró nínú mi nìyẹn. Iṣu sísè tó tó 100 gíráàmù, èròjà amúaradàgbà tó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 1 àbọ̀ lọ, ti gààrí kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èébì dáwọ́ dúró lóṣù kẹrin, oúnjẹ wọ̀nyẹn ti mọ́ mi lẹ́nu, mo sì ń bá a lọ. Ẹran kò sí nínú àwo mi, ẹ̀wà náà kò sí níbẹ̀. Mo ṣì gbà títí dòní pé kò yẹ kí wọ́n bá aláboyún sọ̀rọ̀ bí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe bá mi sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ló yẹ kó bi mí tí kò bi: kí lẹ wá ń jẹ?

Dókítà tí mo bá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló bi mí. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó fún mi ní bébà, ó ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, títí dórí ẹ̀pà. Nígbà tó kà á tán, ó fi báírò fa ìlà sí àárín ìwé náà. Ó kọ "ẹ̀jẹ̀" sí apá kan, ó kọ "ara" sí apá kejì. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lú wọn pọ̀ fún mi. Ẹ̀jẹ̀ mi lọ sílẹ̀ nítorí pé áyọ́ọ̀nù kò tó, oògùn sì wà fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹran ara ọmọ, ibi ọmọ, ilé ọmọ tó ń fẹ̀ lójoojúmọ́, ọmú tó ń múra sílẹ̀, purotíìnì, ìyẹn èròjà amúaradàgbà, ló ń kọ́ gbogbo wọn. Obìnrin tí kò lóyún nílò nǹkan bíi gíráàmù 46 lóòjọ́. Aláboyún nílò nǹkan bíi 71. Ó ní òun kò béèrè bóyá mo jẹ ẹran tàbí n kò jẹ. Ohun tí òun ń béèrè ni pé, ṣé 71 yẹn ń pé?

Kò pé rárá. Nígbà tí a ṣírò ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó sàn jù nínú wọn kò kọjá 40.

Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi. Wọ́n wọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n dé pẹ̀lú àpò méjì, wọn kò tíì mu omi tí wọ́n fi wọ ilé ìdáná. Ẹ̀fọ́ rírò ni wọ́n sè. Mo bu òkèlè kan, mo fi kan ọbẹ̀, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti lọ edé kúnná bí ìyẹ̀fun, wọ́n dà á mọ́ ata.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ ṣé, mà. Mo mọ̀ pé nítorí ọmọ ni. Ṣùgbọ́n edé wà nínú rẹ̀."

Wọn kò jiyàn. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọmọ yẹn kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ìlérí."

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lórí pé mi ò jẹ ẹran, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó báyìí, nítorí pé òótọ́ ni. Èmi ni mo ṣe ìlérí. Ẹni tó wà nínú mi kò sí níbẹ̀. Bí mo bá máa pa ìlérí náà mọ́, èmi ni mo gbọ́dọ̀ ru ẹrù rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ló máa fi ara rẹ̀ san án. Mo dìde, mo lọ mú bébà tí dókítà fún mi, mo kà á sí wọn létí láti òkè délẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé, "Nígbà tí mo lóyún ọkọ rẹ, fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko, n kò fẹnu kan ìgbín. Wọ́n ní ọmọ á máa wa itọ́. Bẹ́ẹ̀ ìgbín ni mo fẹ́ràn jù láyé." Wọ́n fa bébà náà mọ́ra. "Ó dáa. 71 yìí, kí la máa fi mú un pé?"

Mo ní mọ́ínmọ́ín ńkọ́. Wọ́n ní mọ́ínmọ́ín tí àwọn mọ̀, ẹlẹ́mìí méje ni. Tí a bá yọ ẹja, tí a yọ edé, ẹ̀mí mélòó ló kù síbẹ̀? Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kà á, mà."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la kà á. A ti rẹ ẹ̀wà olóyin kóńgò kan sómi láti òru, ó ti mu omi yó. Màámi jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé abọ́ sáàárín ẹsẹ̀, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ẹ̀wà náà pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní tí èèyàn bá fi agbára ṣe é, á fọ́, èèpo á sì há sínú ẹ̀là rẹ̀. Èèpo ń léfòó sókè omi, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ èsúnsún, wọ́n ń dà á sínú asẹ́, wọ́n ń bu omi mìíràn sí i. Ó tó ìgbà mẹ́jọ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí ojú dúdú ẹ̀wà tó tán nínú abọ́, tó ku funfun báláú nísàlẹ̀. Èmi ni mo ń ṣẹ́ ewé, mo ń gé igi ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà ya. A lọ ẹ̀wà pẹ̀lú tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà. Nínú ewé kọ̀ọ̀kan, a fi ìlàjì ẹyin sísè sí i, a fi wàrà sóyà tí a gé wẹ́wẹ́ sí i, a fi olú tí mo ti fi òróró àti àlùbọ́sà dín sí i. Màámi ka ìka wọn: ẹ̀wà, ẹyin, wàrà, olú. "Mẹ́rin. Ó ku mẹ́ta." Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ méjì, wọ́n tún ní kí n bu ẹ̀kẹta.

Láti ọjọ́ yẹn, sìkéèlì kékeré tí mo fi ń wọn fúláwà kéèkì kò kúrò lórí tábìlì mọ́. Ẹ̀wà sísè tó bá tó 100 gíráàmù ní purotíìnì bíi gíráàmù 8, nítorí náà bí mo bá jẹ tó 300 kí ilẹ̀ tó ṣú, 24 ti wọlé. Ẹyin méjì, 12. Ife mílíìkì kan, 8. Ẹ̀pà yíyan tí ọwọ́ kan lè bù, ó lé ní 7. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni ẹ̀gúsí: 50 gíráàmù péré tí mo lọ̀ sínú ẹ̀fọ́ tó nǹkan bíi 14. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń jẹ ẹ̀gúsí, ohun tí a fi ń mú ọbẹ̀ ki ni mo kà á sí, mo rò pé ẹran tó wà láàárín rẹ̀ ni oúnjẹ. Kí a tó ka ohun tó wà nínú ògì, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́, 65 ti pé, àwọn yẹn á sì gbé ìyókù dé.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo oúnjẹ tí àwọn ìyá wa so pọ̀. Àkàrà pẹ̀lú ògì, mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ, àdàlú tí ẹ̀wà àti àgbàdo jọ hó nínú ìkòkò kan. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé àwọn ẹyọ kéékèèké kan ló para pọ̀ di purotíìnì. Èyí tí wọ́n ń pè ní lysine kò pọ̀ nínú àgbàdo, ẹ̀wà sì ní in lọ́pọ̀. Èyí tí kò tó nínú ẹ̀wà, àgbàdo ní in. Kò pọn dandan kí wọ́n pàdé nínú abọ́ kan náà, ó tó kí wọ́n pàdé láàárín ọjọ́ kan. Àwọn tó kọ́kọ́ da ẹ̀wà mọ́ àgbàdo kò gbọ́ orúkọ lysine rí. Inú mi dùn sí wọn lójoojúmọ́ tí mo bá ṣí ìkòkò àdàlú.

Sóyà kì í ṣe oúnjẹ àtijọ́ lọ́dọ̀ wa. Nílùú Ìbàdàn yìí, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kára kí sóyà tó wọ ilé ìdáná wa. Ní gbígbẹ, 100 gíráàmù sóyà ní purotíìnì tó nǹkan bíi gíráàmù 36. Èmi fúnra mi ni mo ń ṣe wàrà rẹ̀: mo máa ń rẹ ẹ́ mọ́jú, màá bó o, màá lọ̀ ọ́, màá sẹ́ ẹ, màá sè é kó hó dáadáa, nítorí pé sóyà tí kò jinná kì í jẹ́ kí ara rí purotíìnì inú rẹ̀ lò bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni màá da omíkan sí i kó dì. Wàrà màlúù tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, tí wọ́n fi ewé bọmubọmu mú dì, mo ń rà á pẹ̀lú, àmọ́ dókítà ní kí n má jẹ ẹ́ bó ṣe ti ọ̀nà wá. Mo ní láti sè é tàbí kí n dín in, nítorí àrùn tó lè ti ibẹ̀ ran ọmọ inú.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìtàn yìí kó rò pé ẹ̀wà ṣe gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀wà, kò sí ewébẹ̀ tí èèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé fún fítámì B12, ọpọlọ ọmọ sì nílò rẹ̀. Ẹyin àti mílíìkì ní díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà kò fi mí sílẹ̀ fún díẹ̀. Mo lo oògùn B12, mo lo fólíkì ásíìdì, mo sì lo oògùn áyọ́ọ̀nù lójoojúmọ́, èyí tó ń dí mi nínú tó sì ń sọ ìgbẹ́ mi di dúdú. Mo ń lá ọsàn tẹ̀ lé e, nítorí pé ọsàn ń ran áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ láti wọ ara, mo sì ń jẹ́ kí wákàtí bíi méjì là á láàárín kí n tó mu mílíìkì. Mo mọ àwọn kan nínú ìjọ tó rò pé ìgbàgbọ́ ò pé tí èèyàn bá ń gbé oògùn mì. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ń ṣìnà, ẹni tó lóyún kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn.

Lọ́dún yẹn, ẹ̀wà wọ́n gógó. Ní ọjà Bódìjà, mo rí ìyá kan tó na ọwọ́ sí ẹ̀wà, tó béèrè iye rẹ̀, tó sì rọra fa ọwọ́ padà. Oyún rẹ̀ tó tèmi. Mo rántí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ ìtìjú mi. Èmi tó ní ìjọ tí mo lè dárúkọ ni wọ́n dójú tì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó yẹn ni kò fẹnu kan ẹran lọ́sẹ̀ náà nítorí pé owó rẹ̀ kò sí, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Wọn kò ní sọ ọ́ níta gbangba. Àwọn gan-an ló nílò bébà tó wà lọ́wọ́ mi jù mí lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì, PCV mi 34 ni. Nọ́ọ̀sì kan náà ló kà á. Ó ní, "Ẹ ti ń jẹ ẹran nìyẹn." Mo ní rárá, mo yọ bébà náà nínú báàgì, epo ti ta sí i. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní ṣé òun lè fi fóònù òun yà á, ẹnì kan wà tí òun fẹ́ fún. N kò béèrè ẹni náà. Mo tẹ́ bébà náà sórí tábìlì, mo fi ọwọ́ na etí rẹ̀ tó ti ká.

Obìnrin ni mo bí, kílò 3.1. Màámi wá wẹ̀ ẹ́ fún mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ìró wọn nílé ìdáná, wọ́n ń fẹ́ ẹ̀wà lórí atẹ. Mo ti sọ fún wọn pé ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú náà, 71 yẹn ni. Wọ́n pè mí láti ibẹ̀, ohùn wọn ò ga kí ọmọ má baà jí: "Ṣé kóńgò kan á tó, àbí kí n rẹ méjì?"