Ohun Kékeré Tó Wà Lábẹ́ Dáṣíbọ́ọ̀dù

Mọ́tò tó bá kúrò ní Ifákọ̀ ní Èkó, bó bá ti já sí ọ̀nà Gbàgádà báyìí, Ọ̀wọ́rònṣòkí ló kàn, ẹ̀yìn ìyẹn ni afárá Third Mainland, ojú ẹni tó ni ín kò sì ní tó o mọ́. Ẹni tó gbé Corolla rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ kó máa fi ṣe táksí Bolt, tó sì ń retí owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run nìkan. Ó máa ń ní kí ríwáyà bá òun so tracker, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí mọ́tò wà, mọ́ ọn.

Ẹ wò ó kí wọ́n tó gbé e pamọ́. Ike dúdú kékeré ni. Nínú èyí tó wọ́pọ̀, tí wọ́n ń pè ní GT06N, wáyà mẹ́rin ló yọ ní ìdí rẹ̀. Pupa ń gba iná lọ́dọ̀ bátìrì, dúdú lọ sí ara irin ọkọ̀, èyí tó ní àwọ̀ ọsàn ń mọ ìgbà tí wọ́n tan kọ́kọ́rọ́, yẹ́lò sì lọ sí relay tó lè já iná pọ́ọ̀ǹpù epo. Ríwáyà tó mọṣẹ́ á fi téèpù dúdú wé gbogbo rẹ̀ mọ́ àwọn wáyà tí mọ́tò bá wá, nítorí ibi tí tracker bá ti yọ orí síta ni olè ti máa kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sátẹ́láìtì ló ń wo mọ́tò wọn láti òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà, tó jìnnà sí wa tó 20,200 kìlómítà, kò mọ̀ pé Corolla kankan wà láyé. Wọ́n kàn ń kéde aago àti ipò tiwọn ni. Tracker ló ń tẹ́tí, tó ń gbọ́ mẹ́rin ó kéré tán, tó ń ṣírò ibi tó wà, tó sì ń fi sim rán èsì náà lọ. Ìdí nìyí tí ojú rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kọ sí òkè, lábẹ́ ike, kì í ṣe lábẹ́ irin.

Sim yìí gbọ́dọ̀ ní dátà. Láti December 2020 tí ìjọba ti ní kí a so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa, mọ́ gbogbo sim, ó yẹ kí ẹni tó ni mọ́tò béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n fi gba sim náà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n fi ń bá tracker sọ̀rọ̀. Ríwáyà á kọ APN,web.gprs.mtnnigeria.net# bó bá jẹ́ sim MTN, á sì dúró kí èsì OK dé. Lẹ́yìn náà ni SERVER, pẹ̀lú àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tí yóò máa gba ìròyìn. Ẹni tó bá gbàgbé àmì # ìparí lè máa retí èsì títí. GMT,E,1,0# ló kàn, torí wákàtí kan ni a fi ṣíwájú Greenwich. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ sórí aago Ṣáínà, ìròyìn agogo méje àárọ̀ yóò di agogo méjì ọ̀sán. Ibi tí mo ti ń mọ ríwáyà gidi ni bó ṣe ń ṣètò àkókò ìjábọ̀. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ ó rí gbogbo kọ́nà tí mọ́tò yà lórí máàpù. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ìlà gbọọrọ tó gba orí òrùlé onílé kọjá ni ẹ ó rí.

RELAY,1# ni ọ̀rọ̀ tó ń dá mọ́tò dúró. Kì í ṣiṣẹ́ bí mọ́tò bá ń sáré ju 20 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, àbí kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ lọ́wọ́ ní àárín afárá?

Ní 2019, àwọn olùṣèwádìí Avast rí tracker bí 600,000 káàkiri ayé tí password wọn ṣì jẹ́ 123456 tí wọ́n gbé wá láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ìyẹn lè wo ibi tí mọ́tò yín sùn sí mọ́jú. Ẹ gba nọ́ńbà sim náà lọ́wọ́ ríwáyà, kí ẹ sì pààrọ̀ password lójú rẹ̀ kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tán.