Kútọnú: Nọ́ńbà Ẹ̀yìn Ẹ̀wù Lè Pa Èéfín

Ẹni tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Kútọnú láàárọ̀, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé. Kí ojú tó rí ọ̀sà tó la ìlú náà sí méjì, èéfín ti pàdé àlejò lọ́nà. Ní oríta Étoile Rouge, alùpùpù ń rọ́ lu ara wọn bí eéṣú, kálukú ń tu èéfín tirẹ̀.

Alùpùpù akérò ni púpọ̀ nínú wọn. Zemidjan ni wọ́n ń pè wọ́n. Èdè Fọ̀n ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí “gbé mi kíákíá”. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Benin dẹnu kọlẹ̀, tí owó oṣù kò jáde déédéé. Ẹni tó kàwé tí kò ríṣẹ́, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, alùpùpù ló di ọkọ́ àti àdá wọn.

Epo wà lára ohun tó dá wàhálà náà sílẹ̀. Kpayo ni bẹntiróòlù tí àwọn onífàyàwọ́ ń gbé láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Ẹ́ńjìnnì náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́ ló jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Kì í jó epo tán. Apá kan a gba sàlẹ́ńsà jáde láìjó, pẹ̀lú èéfín tó ki. Awakọ̀ tó ń jókòó sínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ ló ń fà á símú jù.

Kí ni ìjọba ìlú lè ṣe? Ní Àbùjá, lọ́dún 2006, wọ́n lé ọlọ́kadà kúrò láàárín ìlú. Ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀ ní Kútọnú lójijì ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìdílé. Ẹ́ńjìnnì ló yẹ kí wọ́n lé, kì í ṣe ènìyàn.

Irinṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Zemidjan Kútọnú ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tó ń wọ̀. Ìlú tó mọ awakọ̀ lè mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pẹ̀lú. Kí wọ́n yẹ alùpùpù wò kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà. Kí wọ́n dá ọjọ́ fún èyí tó ń rú èéfín láti kógbá wọlé. Kí ìlú sì ṣe onídùúró fún awakọ̀ tó fẹ́ yá owó ra òmíràn.

Ohun tí wọn yóò rà wà. Láti ọdún 2022 ni alùpùpù oníná mànàmáná ti ń rìn ní Kútọnú. Bí bátìrì bá fẹ́ kú, awakọ̀ a yà sí ibùdó, a pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó kún. Lọ́dún 2023 tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo gbówó lórí lójijì, ó sì hàn gbangba pé epo ọ̀pọ̀ kì í ṣe ogún ayérayé.

Nírọ̀lẹ́, awakọ̀ a bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè ti di eérú. Wọn yóò fọ̀ ọ́, yóò sì mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní ọṣẹ. Àwọn tó fún un ní nọ́ńbà ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́.