Ọwọ́ Rẹ, Mosúnmọ́lá

Ṣáṣá, Alímọ̀ṣọ́, Èkó.
Oṣù Ẹrẹ́nà.

Mosúnmọ́lá mi, Àbẹ̀ní, ọmọ tí mo gbé pọ̀n,

Ìyá rẹ pè mí láàárọ̀ àná, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní wọ́n ti fi ọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn abo tó fẹ́ bímọ ní oko màlúù tí o wà ní Fáṣọlá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní òru ni màlúù máa ń bímọ. Ṣé ọmọ mi á wá máa rìn nínú igbó lóru ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo pẹ̀tù sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán, èmi náà ò lè jókòó. Ni mo bá mú bírò.

Kí n tètè sọ ọ́: ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ. O gbọ́n, o kì í ṣọ̀lẹ, o sì fẹ́ràn ẹran láti kékeré. Ọwọ́ rẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọwọ́ rẹ yá jù, Mosún. Ọmọdé bá ṣubú, ìwọ lo máa kọ́kọ́ gbé e. Ìkòkò bá ń hó, ìwọ lo máa kọ́kọ́ ṣí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nínú ilé. Nídìí màlúù tó ń rọbí, ó lè pa ọmọ, ó lè pa ìyá, ó sì lè kó bá ẹni tó ni ọwọ́.

Ọmọ Ṣáṣá ni ọ́. Màlúù tí àwa níbí mọ̀ ni èyí tó ti di ṣàkì, fùkù, àbọ̀dí àti pọ̀nmọ́ lórí tábìlì alápatà. Èyí tó bá ṣì ń mí, inú tírélà la ti ń rí i, ó ti òkè ọya wá, ó ń lọ sí ilé ìpẹran Oko-Ọba ní Agége. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 tí Gómìnà Sanwó-Olú ti fọwọ́ sí òfin tó ka dída màlúù kiri léèwọ̀ l'Ékòó, ọmọ àdúgbò wa tó máa fojú rí i kí màlúù bímọ ti di ọ̀wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn lọ́dún 2024. Gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ ọgbà ìdaran báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jí láago márùn-ún ìdájí lọ wo ìdí màlúù kò pọ̀. Ìwọ wà lára wọn. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú ju bí mo ṣe ń sọ lọ.

O mọ̀ pé iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tiwa, N'Dama la bá lórí pápá. Màlúù kúkurú, aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí kò ní iké. Ilẹ̀ olókè Futa Jalọn ní Gíní ni ìran rẹ̀ ti wá. Eṣinṣin tsetse tó máa ń fi àìsàn pa màlúù òkè ọya nílẹ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sìn ín ní Fáṣọlá níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Ọmọ rẹ̀ kéré, kì í sábà ju kílò 20 lọ. Ìyá á lọ sẹ́yìn igbó, á bí i, á lá a gbẹ, á mú un bọ̀ wálé. Iṣẹ́ wa kò ju ká kà wọ́n lọ.

Tìrẹ yàtọ̀. Torí wàrà ni wọ́n ṣe ń fi akọ Friesian gun abo ilé báyìí, pàápàá lágbègbè yín níbi tí FrieslandCampina WAMCO, àwọn tó ń ṣe Peak, ti ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Ọmọ Friesian gangan lè tó kílò 40. Tí abo kékeré bá lóyún irú rẹ̀, ọ̀nà á há. Nítorí náà, ọmọ mi, kí oyún ẹnikẹ́ni tó tó àsìkò, béèrè irú akọ tó gùn ún. Kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn tí kò tí ì bímọ rí láàárín wọn ni kí ojú rẹ má ṣe kúrò lára wọn.

Oyún màlúù ju oṣù mẹ́sàn-án lọ díẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 283. Akọ tí wọ́n bá dà sáàárín agbo nígbà tí oṣù Òkúdu dá sí méjì, ọmọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà yìí. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóye: òjò á ti bẹ̀rẹ̀, koríko tútù á ti yọ, ìyá á rí jẹ, wàrà á dé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ á fi rọ́ lù yín lẹ́ẹ̀kan náà. Má bẹ̀rù. Kì í pẹ́ tí ara fi ń mọ́ ọn.

Ní ìdájí, ka abo kí o tó fi nǹkan kan sẹ́nu. Èyí tí o kò bá rí nínú òǹkà ni kí o kọ́kọ́ wá. Ẹni tó fẹ́ bímọ máa ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, á lọ sídìí igi kan lọ́hùn-ún, á dùbúlẹ̀, á dìde, á tún dùbúlẹ̀, á máa wẹ̀yìn wo ìhà rẹ̀. Ọmú á ti kún débi pé orí rẹ̀ ń dán. Ẹ̀gbẹ́ ìdí ìrù rẹ̀ méjèèjì á ti rọ̀, á ti jìn wọnú.

Jókòó nígbà náà. Mo ní jókòó, Mosún. Wá ibi tí ojú rẹ ti tó o, tí ojú tirẹ̀ kò sì ní máa wá ọ kiri. Ó lè gba wákàtí méjì, ó lè gba mẹ́fà, èyí tó ń bí àkọ́bí lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá ń lọ tí o ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ńṣe ló máa dáwọ́ dúró, ọmọ á sì pẹ́ nínú.

Lẹ́yìn náà ni àpò omi máa yọ. Wo aago rẹ nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ iwájú méjì ló yẹ kó tẹ̀lé e, kí àtẹ́lẹ̀ pátákò dojú bolẹ̀, kí imú sì sùn lé wọn lórí. Tí o bá ti rí i bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń sún síwájú, má débẹ̀. Tí àtẹ́lẹ̀ pátákò bá kọjú sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sábà máa ń jẹ́: pe dókítà ẹran. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ, pè é. Tó bá jẹ́ orí ló yọ tí kò sí ẹsẹ̀, pè é. Tí wákàtí kan bá kọjá lórí àpò omi tí kò sí ìtẹ̀síwájú, pè é, ì báà máa sùn, ì báà fẹ́ bínú. Sọ fún un pé Màmá Ṣáṣá ló ní kí o pè é.

Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni pé ìwọ àti ọkùnrin mẹ́ta di ẹsẹ̀ ọmọ mú, ẹ ń fà á bí ẹni ń fa okùn ìdíje. Bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ fà, ìyá tó ń rọbí ni ọ̀gá yín: tó bá tì, ẹ fà, tó bá sinmi, ẹ sinmi.

Nígbà tí ọmọ bá balẹ̀ ni mo gba ọwọ́ rẹ láàyè. Nu imú àti ẹnu rẹ̀. Tí kò bá mí, fi koríko gbígbẹ rin ín nímú, á sín. Ri okùn ìdodo rẹ̀ sínú áyódìn, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń bá wọlé. Kó o sún sẹ́yìn kí ìyá lá a.

Kí wákàtí méjì tó pé, rí i pé ó ti mu wàrà àkọ́kọ́, èyí tó nípọn, tó pọ́n rúsúrúsú. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ ẹ ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ. Ọmọ ènìyàn máa ń gba ààbò díẹ̀ láti inú oyún. Ọmọ màlúù kì í gba nǹkan kan; ọwọ́ òfo ló fi ń wáyé. Inú wàrà yẹn ni ààbò rẹ̀ wà, ìfun rẹ̀ kì í sì í gbà á wọlé ju bí ọjọ́ kan lọ kó tó pa dé. Ọmọ tí kò bá tètè mu ún, ìgbẹ́ gbuuru ló sábà máa ń mú un lọ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Tí kò bá lè dìde, fún wàrà náà sínú ìgò kí o fún un mu.

Wàyí o, Àbẹ̀ní, ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí gan-an.

Ọkùnrin kan bá mi ṣiṣẹ́ rí ní oko kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọwọ́ rẹ̀ yá bíi tìrẹ, èèyàn dáadáa ni. Abo kan bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù, ọmọ náà ti kú. Ọkùnrin yìí fi ọwọ́ lásán kó òkú ọmọ àti ibi, ó lọ sin wọ́n, ó ṣan ọwọ́, ó jẹun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibà dé. Ibà ọ̀hún á lọ, á tún padà. Aṣọ rẹ̀ á tutù fún òógùn lóru, gbogbo oríkèé á máa ro ó. Ó lo oògùn ibà, ó mu àgbo, ó ní ayé ló ń ṣe òun. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bó ṣe yẹ. Kòkòrò Brucella ni, èyí tó ba oyún màlúù yẹn jẹ́ gan-an. Oògùn oríṣi méjì ló lò pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó bọ́.

Ìwo kọ́ ló ṣe é léṣe, Mosún, tàbí ẹsẹ̀ màlúù. Omi ara àti ibi ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́, mò ń bẹ̀ ọ́ o: ìbọ̀wọ́ gígùn, ní gbogbo ìgbà, kódà nígbà tí ọmọ ń kú lọ lójú rẹ. Ìṣẹ́jú kan tí o fi wọ̀ ọ́ kọ́ ló máa pa á. Tí ibi kò bá já lẹ́yìn wákàtí méjìlá, má fà á, dókítà ló ni ín. Tí oyún bá bàjẹ́, pe dókítà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí ajá oko má sì débẹ̀. Obìnrin tó bá lóyún lára yín kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Ìyá ọmọ náà tún wà. Abo tó ń tẹ̀lé ọ bí ọ̀rẹ́ lánàá lè má mọ̀ ọ́ mọ́ lónìí tó bímọ. Má dúró sáàárín òun àti ọmọ rẹ̀ láé. Jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn rẹ nígbà gbogbo. Tó bá rẹ orí sílẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ wa ilẹ̀, fi áyódìn rẹ sílẹ̀ kí o jáde; àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Òjò oṣù Igbe náà máa ń gbé àrá dání. Màlúù á sá sábẹ́ igi, ìwọ má tẹ̀lé wọn.

Ní ti òru tó ń dẹ́rù ba ìyá rẹ, ọgbọ́n kan wà. Àgbẹ̀ kan ní Mánítóbà, Kánádà, Gus Konefal lorúkọ rẹ̀, ṣàkíyèsí nínú àwọn ọdún 1970 pé tí òun bá ń fún àwọn abo òun lóúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀sán ni púpọ̀ nínú wọn máa ń bímọ. Àwọn olùwádìí yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í mú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n á dín àìsùn kù. Bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́. Má sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ jù wọ́n lọ o. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè gbìyànjú ẹ̀ wò” ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá di dandan kí o jáde lóru, má dá lọ. Mú bàbá darandaran yẹn dání, ẹni tí o ní ó ń pe màlúù kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ìmọ̀ tó wà lójú ọkùnrin yẹn, kò sí nínú ìwé èmi àti ìwọ.

Ọmọ kan á kú lọ́wọ́ rẹ. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. O lè ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ kó sì kú síbẹ̀. Kọ àkókò rẹ̀ àti ohun tí o rí sílẹ̀, wẹ̀ dáadáa, kí o pè mí. Ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru, màá gbé e. O kò ní dá nìkan sunkún.

Mo ti fi ẹrù kan rán awakọ̀ Ọ̀yọ́ ní Ìyànà Ìpájà, á dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Ẹtì. Bàtà òjò wà níbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mórí, ọṣẹ, àti páálí ìbọ̀wọ́ gígùn méjì. Má fi ìbọ̀wọ́ náà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pín in fún àwọn tó kù. Mo fi ata díndín àti gàrí Ìjẹ̀bú sí i. Tí àwọn obìnrin gàá bá gbé wàrà sísè tí wọ́n fi bọ̀mubọ̀mu ṣe wá, tó ṣì gbóná, rà á jẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ pé o da wàrà tí wọn ò sè sórí gàrí yẹn, èmi fúnra mi ni màá wọkọ̀ wá sí Fáṣọlá.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí o máa jẹun.

Èmi ni,
Màmá Ṣáṣá rẹ.