Nígbà tí Áfíríkà Wá Sáré ní Sùúrùlérè

Ní oṣù Kíní ọdún 1973, ọmọ Gánà kan tó ń jẹ́ Ohene Karikari wá sí Sùúrùlérè, ó sì gba wúrà eré ọgọ́rùn-ún mítà mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ilé ara wa. Kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yá. Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n wá ṣe. Àkọ́kọ́ ti wáyé ní Brazzaville lọ́dún 1965. Mali ló yẹ kó gba ìkejì lálejò, ṣùgbọ́n àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀, ètò náà fọ́, ó sì di 1973 kí Èkó tó gbà á ṣe. Ogun Bìáfírà ò tíì pé ọdún mẹ́ta tó parí nígbà náà. Gowon ló wà lórí àlééfà. Pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ṣí ní 1972, tó ń gba èrò 55,000, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán ni. Ìjọba fẹ́ kí ayé rí i pé ilé tó dàrú ti tún tò.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjọ́ yẹn ti tó, kó wo orúkọ àwọn tó wá. John Akii-Bua ti Uganda ti fi 47.82 fọ́ àkọsílẹ̀ ayé nínú eré irinwó mítà onígi ní Òlíńpíìkì Munich, lóṣù Kẹsàn-án 1972. Kò tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, òun nìyẹn ní Sùúrùlérè, tó ń fo igi lójú àwọn ará Ìtirẹ́ àti Alákà. Kipchoge Keino ti Kenya wá, àgbà asáré tí gbogbo ayé mọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Tanzania tó ń jẹ́ Filbert Bayi sì lé e sẹ́yìn nínú eré 1,500 mítà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bayi kan náà ló fọ́ àkọsílẹ̀ ayé. Tiwa náà ò gbẹ́yìn: Modupe Oshikoya nìkan gba wúrà mẹ́ta, ti fífò sókè, ti fífò jìnnà àti ti eré ọgọ́rùn-ún mítà onígi. Bọ́ọ̀lù ńkọ́? A na Guinea ní 2-0 ní àṣekágbá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi bọ́ọ̀lù sí ìkẹyìn ni o. Ó ti pẹ́ jù tó ti ń ṣíwájú.

Ẹsẹ̀ lásán ni ọmọ Muṣin lè fi rìn lọ wo gbogbo ìyẹn. Á gba Ìdí-Òró, á tọ ojú ọ̀nà Agége Mótò Róòdù dé Ojúẹlẹ́gba, á já sí Western Avenue, ibẹ̀ náà nìyẹn. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú, kò sí físà. Ẹni tó gba wúrà ní Jámánì ló kó bàtà rẹ̀ wá bá a ládùúgbò.

Eré ọgọ́rùn-ún mítà ò sì dà bí ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn wá. Lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn mẹ́jọ ló ń bá ara wọn dù ú nínú àpótí kékeré, ó parí, wọ́n á tún un fi hàn díẹ̀díẹ̀ kí o lè rí ẹni tó na àyà síwájú. Ní pápá, etí lo kọ́kọ́ máa fi wò ó. Ariwo gbogbo èrò á ṣàdédé wálẹ̀ nígbà tí àwọn asáré bá kúnlẹ̀. Ẹ óò gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́ lápá ibi jíjìn. Ìdí á gòkè, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó bá jókòó lódìkejì pápá á rí èéfín ìbọn kó tó gbọ́ ìró rẹ̀, tí ìró bá fi máa dé etí rẹ̀, àwọn èèyàn yẹn ti gbéra. Lẹ́yìn náà ni ariwo á bẹ̀rẹ̀ láti ìhà kan, á máa bá wọn sáré lọ, á sì dé òpin pẹ̀lú wọn. Kò tó ìgbà tí èèyàn fi máa ń wá ṣéńjì fún kọ̀ńdọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá rí ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwọ rò ó wò: ṣé bọ́ọ̀lù nìkan ló máa máa gbá délẹ̀?

Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa fi ojú àárò ka aago. Nǹkan bí iṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àbọ̀ ni Karikari fi gba wúrà tirẹ̀. Lóṣù Kẹfà 2021, nígbà tí àwọn asáré wa ń du ààyè Òlíńpíìkì Tokyo ní pápá ìṣeré Yábátẹ́ẹ̀kì, ní Yaba níbí, Enoch Adegoke sá ọgọ́rùn-ún mítà ní 10.00. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ gbéra lọ́jọ́ kan náà, Adegoke á ti fi nǹkan bíi mítà márùn-ún já Karikari sílẹ̀ nígbà tó bá dé ojú ìlà. Àwọn aláàárò kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ ọmọ wa yá lónìí ju ti ìgbà yẹn lọ. Àmọ́ ẹni tó sá èyí tó lọ́ra jù ni ọ̀pọ̀ èrò pọ́n lé, nínú pápá tó tóbi jù nílẹ̀ wa nígbà yẹn. Ẹni tó sá èyí tó yá jù ló sá a nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn tó ń ta ìwé ìdánwò àtijọ́ lẹ́nu ọ̀nà ò mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Láti Yábátẹ́ẹ̀kì sí Sùúrùlérè, ọkọ̀ kan péré ni.

Ohun tó sì tẹ̀ lé 10.00 yẹn kọjá ohun tí èèyàn lè gbàgbé. Ní Tokyo, Adegoke sá 9.98 ní ìpele àkọ́kọ́, ó sá 10.00 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ó wọlé. Láti ìgbà tí Davidson Ezinwa ti ṣe ipò kẹfà ní Atlanta lọ́dún 1996, ọkùnrin Nàìjíríà kankan ò tíì dé àṣekágbá ọgọ́rùn-ún mítà Òlíńpíìkì mọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ìdíje kan náà ni àwọn aláṣẹ eré sísá lágbàáyé ti yọ mẹ́wàá nínú àwọn eléré ìdárayá wa kúrò, kì í ṣe pé wọ́n lo oògùn, bí kò ṣe pé àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ṣe fún wọn kó tó di ìdíje ò pé. Àwọn ọmọ náà gbé pátákó jáde ní abúlé àwọn eléré ìdárayá, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ó ti bọ́. Nínú gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni Adegoke ti dúró sójú ìlà pẹ̀lú àwọn méje yòókù. Ìbọn dún. Kò tíì dé ibi kankan tí iṣan ẹ̀yìn itan fi mú un; ó di itan mú, ó dẹsẹ̀, àwọn yòókù lọ. Lamont Marcell Jacobs ti Ítálì ló gba wúrà, 9.80. Ọ̀pọ̀ nínú wa nílé, ìgbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú àwọn mẹ́jọ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé, bẹ́ẹ̀ Yaba níbí ló ti sá eré tó gbé e lọ.

Láàárín 1973 sí àkókò yẹn, a ò sùn. Àwọn ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti eré sísá àti fífò wá sí Sùúrùlérè lóṣù Kẹjọ 1989, ibẹ̀ sì ni Yusuf Alli ti fo 8.27 mítà. Ní Barcelona lọ́dún 1992, ọmọ Nàìjíríà méjì ló wà nínú àwọn mẹ́jọ tó dé àṣekágbá ọgọ́rùn-ún mítà, Olapade Adeniken àti Davidson Ezinwa, àwọn kan náà sì wà nínú ẹgbẹ́ tó gba fàdákà eré ẹlẹ́ni mẹ́rin tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, 37.98. Olusoji Fasuba sá 9.85 ní Doha ní 2006, ó di àkọsílẹ̀ Áfíríkà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Akani Simbine ti South Africa tó fi 9.84 gbà á, kí Ferdinand Omanyala ti Kenya sì tún fi 9.77 gbà á lọ́wọ́ òun náà lọ́dún kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé àwọn ará Kenya ò mọ̀ ju eré ọ̀nà jíjìn lọ, ẹ gbọ́ o.

Ọdún 2003 ni omi wọ gààrí. Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà padà wá sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Abuja ni wọ́n gbé e lọ, sí pápá tuntun tí wọ́n kọ́ nítorí rẹ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ Moshood Abiola pè ní 2019. Deji Aliu gba wúrà ọgọ́rùn-ún mítà níbẹ̀, 9.95, ọmọ Nàìjíríà nílé Nàìjíríà. Wúrà tí Karikari gbé lọ mọ́ wa lójú ní Sùúrùlérè, Aliu gbà á padà, ṣùgbọ́n àwọn tó rí ìgbà àkọ́kọ́ ò sí níbẹ̀ láti rí èkejì. N ò bínú sí Abuja. Olú ìlú ni, ó yẹ kó ní pápá tirẹ̀. Ohun tí n kò lóye títí dòní ni ìdí tí ọmọ tuntun fi ní láti jẹ́ ikú fún àgbà.

Torí ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Wọ́n máa ń ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti Sùúrùlérè ò jó, ó kàn ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ ni. Ọdún lé lọ́dún ni pápá náà ṣófo, tí ìjókòó fọ́, tí koríko gùn, tí ó sì jẹ́ pé àwọn ilé ọtí àti ilé ọbẹ̀ ata tó wà nínú ọgbà ló ń mú èrò wá síbẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀. Nígbà tí Sunday Dare jẹ́ mínísítà eré ìdárayá, Olóyè Kessington Adebutu, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀bú, gbà láti fi owó rẹ̀ tún un ṣe. Olówó tẹ́tẹ́ ló wá dìde sí ohun tí ìjọba fi sílẹ̀! Mi ò bá a wí, mo kí i ni. Lódìkejì títì, pápá Teslim Balogun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1984 ò ṣí títí di 2007. Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe pàdé: bí ọ̀kan ti ń ṣí, èkejì ń kú lọ. Kọ̀ńdọ́ ṣì ń pariwo “Sítédíọ̀mù! Bárékè! Ojúẹlẹ́gba!” láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ọmọ tó jókòó létí wíńdò á bi ìyá rẹ̀ léèrè pé, “Mọ́mì, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yẹn?” Ìyá á ní, “Wọ́n ti máa ń ṣeré níbẹ̀ rí.” Ọkọ̀ á kọjá.

Àwọn kan á ní asáré wa ń sá lọ sí Amẹ́ríkà ló fà á. Ìyẹn ò tuntun. Adeniken gan-an, ọmọ Òṣogbo, Texas ló ti kàwé. Kayinsola Ajayi tó dé àṣekágbá ìdíje àgbáyé ní Tokyo lóṣù Kẹsàn-án 2025, tó ṣe ipò kẹfà, Yunifásítì Auburn ní Alabama ló wà nígbà náà. Lílọ kọ́ ló pa wá lára. Ohun tó yí padà ni pé ìgbà yẹn, ọmọ tó kù nílé rí ibi tí wọ́n ti ń sá a. Ó rí i lójú ara rẹ̀, ó padà sí Muṣin, ó fa ìlà sílẹ̀ ní àdúgbò, ẹnì kan pàtẹ́wọ́ dípò ìbọn, wọ́n sì sá a pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán láti ojú gọ́tà kan dé òmíràn. Ọmọ òní ní àdúgbò kan náà, bọ́ọ̀lù mọ́ńkí pósítì ló ń gbá. Bó bá tiẹ̀ ń sáré, ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ló ń sáré sí. Ó mọ Usain Bolt nítorí fóònù. Kò mọ Adegoke tó sá a ní Yaba.

Iléèwé sì ni ibi tí ọ̀ràn yìí ti lè tètè yí. Inta-háúsì ṣì ń wáyé, àwọn iléèwé aládàáni pàápàá ń ná owó ńlá lé e lórí: aṣọ, ijó, àga àwọn òbí lábẹ́ kánópì. Púpọ̀ nínú iléèwé ìjọba lágbègbè Muṣin ló jẹ́ pé ìyẹ̀pẹ̀ níwájú kíláàsì ni ibi tí ọmọ lè sá dé, kò tó ọgọ́ta mítà kí ògiri tó dé. Ojú ìsáré gidi wà ní Yábátẹ́ẹ̀kì, ó wà ní Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà, ó wà ní Sùúrùlérè. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yaba lè dàgbà kó tó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ọ̀kankan nínú wọn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí ìjọba Èkó bá àwọn alákòóso pápá Sùúrùlérè sọ ọ́, kí ojú ìsáré ibẹ̀ wà fún àwọn iléèwé ìjọba ní Yaba, Sùúrùlérè àti Muṣin, lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá tún gbọ́ pé ìdíje àwọn asáré wa ti padà sí Yábátẹ́ẹ̀kì, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání lọ. Ẹ tètè dé, kí ẹ jókòó lódìkejì ibi tí ìbọn wà.