Ọdún Mi Àkọ́kọ́ Nínú Ẹgbẹ́ Ìgbẹ́jọ́ Ìdánrawò

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, ṣùgbọ́n ọdún tí mo wọ ẹgbẹ́ ìgbẹ́jọ́ ìdánrawò ilé-ìwé wa ni mo tó mọ bí iṣẹ́ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Olùkọ́ wa fún wa ní ìwé ẹjọ́ kan tí ẹ̀sùn àti ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Àwọn kan ṣe agbẹjọ́rò ìjọba, àwọn kan ṣe agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́, àwọn yòókù sì ṣe ẹlẹ́rìí. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó jí fóònù oníbàárà ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbẹjọ́ rò fún un.

Nígbà tí ìyá mi àgbà gbọ́, inú wọn kò dùn. Wọ́n ní, "Ṣé kí o lè máa gbèjà olè ni a ṣe rán ọ lọ sí ilé-ìwé onígbàgbọ́?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ta ni ó ti fi hàn pé olè ni? Ní kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, bí ìyàwó bá rojọ́ tán, ṣé wọn kì í ní kí ọkọ náà wí tirẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹnu mi ti mú jù.

Olùkọ́ wa rán wa létí pé Nikodémù bi àwọn Farisí ní irú ìbéèrè yìí nígbà tí wọ́n fẹ́ dá Jésù lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Abala 36 nínú Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì sọ ọ́ di ẹ̀tọ́: aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi, a ó fún un láyè láti bi ẹlẹ́rìí léèrè, bí kò bá gbọ́ èdè tí kóòtù ń sọ, a ó fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Ìbàdàn níbí, ní ọdún 1965, nígbà tí ìdìbò ti dá ìlú rú, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ gbọ́ ẹjọ́ Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí wọ́n ní ó fi ìbọn gba téèpù ní ilé-iṣẹ́ rédíò. Ó dá a sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀rí ìjọba kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó.

Ohun tí ó ṣòro jù fún mi ni bíbi àgbàlagbà léèrè. Olùkọ́ tí mo ń kúnlẹ̀ kí ní àràárọ̀ ni ó ṣe oníbàárà náà. Mo kọ́ pé ìbéèrè kúkúrú tí a fi ọ̀wọ̀ bèèrè kì í ṣe àrífín. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, níbo ni ẹ gbé fóònù náà sí? Ta ni ó tún wà nínú ṣọ́ọ̀bù? Ṣé ẹ fi ojú yín rí i tí ó mú un?" Wọ́n dáhùn sí ìkẹta pé, "Rárá." Mo dúpẹ́, mo jókòó. Olùjẹ́jọ́ gba ìdáǹdè.

Ní sáà kẹta, wọ́n pààrọ̀ wa: èmi di agbẹjọ́rò ìjọba lórí ìwé ẹjọ́ kan náà. Ẹni tí ó pàdánù fóònù ni mo wá ń sọ̀rọ̀ fún, òun náà sì ń retí ìdájọ́ òdodo. Síbẹ̀, bí ìbínú rẹ̀ ti tọ́ tó, ìbínú kì í ṣe ẹ̀rí. A kò borí.

Lójoojúmọ́ tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Géètì, n kì í jìnnà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Ní Nàìjíríà, ju ìdajì àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kóòtù kò tíì dá ẹjọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ a máa pe gbogbo wọn ní ọ̀daràn, bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà níbẹ̀ tí a kò tíì bi ẹlẹ́rìí wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Àdúrà mi ni pé kí ẹgbẹ́ yìí má parẹ́, kí àwọn àbúrò wa tí yóò wọ̀ ọ́ lè máa gbọ́ tọ̀tún-tòsì kí wọ́n tó dájọ́, ní kíláàsì, nínú ilé, àti pàápàá ní àárín ọjà, níbi tí igbe "Olè!" ti lè pa ènìyàn kí ọlọ́pàá tó dé.